Láti Orí Àáró dé Orí Ẹgbẹ́ Rotary: Ipò Ìpàdé nínú Iṣẹ́ Àfínnúfíndọ̀ṣe fún Ìlú

Àṣamọ̀

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òkèèrè ni ẹgbẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú ti wọ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn mìíràn sì gbà pé kò sí ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tí àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú kò ti ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Iṣẹ́ yìí yẹ èrò méjèèjì wò. Ẹgbẹ́ Rotary ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. A ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1905, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé rẹ̀, àti bí ọ̀rọ̀ ìpàdé ṣe ń di iṣẹ́ láàárín ìlú, pàápàá jù lọ nínú ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àbájáde wa ni pé ìpàdé tí kì í yẹ̀ ni ó ń sọ inú rere di iṣẹ́, àti pé iṣẹ́ náà kì í sábà tọ́jọ́ bí èdè àwọn tí a ń ṣe é fún kò bá dé inú ìpàdé. A dá àbá mẹ́ta fún àwọn ẹgbẹ́ àti fún ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni.

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni bí a ṣe ń gbá ọwọ́ náà jọ, ẹni tí ń pe àwọn ọlọ́wọ́ jọ, àti ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n tú ká lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ̀yà tán. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa lónìí, kò ṣòro láti rí ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́. A máa ń rí àmì kẹ̀kẹ́ eléyín ti Rotary tàbí orí kìnnìún ti ẹgbẹ́ Lions lára pátákó ẹnu ibodè, lára kànga ẹ̀rọ inú ọgbà ilé ìwé, àti lára ohun èlò tí wọ́n kó fún ilé ìwòsàn. Ohun tí a pè ní ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn dá sílẹ̀ fúnra wọn, tí kì í ṣe ti ìjọba, ti òṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn kan, tí wọ́n ń pàdé ní àsìkò tí wọ́n dá, tí wọ́n ń dá owó láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ń fi àkókò àti ìmọ̀ iṣẹ́ wọn ran àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láìgba owó ọ̀yà.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a fi ojú èdè wo ọ̀rọ̀ náà, ‘sìn’. A ń sin Olódùmarè, a ń sin ọba, a sì ń sin ilẹ̀ baba wa. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá fẹ́ máa lọ ilé rẹ̀, a tún máa ń sìn ín sọ́nà. Nínú ìlò méjì àkọ́kọ́, ẹni tí a ń sìn ga ju ẹni tí ń sìn lọ. Nínú ìlò ti ìkẹyìn, àwọn méjèèjì jọ ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni. Ìlò ìkẹyìn yìí ni a rí pé ó bá iṣẹ́ ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ mu jù lọ, a ó sì padà sí i níwájú.

2. Àáró, Ọ̀wẹ̀ àti Èésú

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn Yorùbá ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ kí ètò ìgbàlódé tó dé. Àwọn tí wọ́n máa ń ṣe àáró sábà jẹ́ ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà. Wọn a kó ara wọn jọ sí oko ẹnì kan lónìí, wọn a sì lọ sí oko ẹlòmíràn ní ọjọ́ àáró tí ó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kárí. Òfin àáró kò rọ̀ rárá: ẹni tí ó bá jẹ àáró gbọ́dọ̀ san án. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, yóò rán àbúrò tàbí ọmọ lọ dípò ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sá fún àáró ẹlòmíràn yóò bá ara rẹ̀ nìkan ní oko tirẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ ńlá tí kò ṣeé dá ṣe ni a máa ń bẹ ọ̀wẹ̀ sí, bí ilé mímọ tàbí oko ṣíṣán. Ọkọ ìyàwó a máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Kò pọn dandan kí ó san iṣẹ́ náà padà ní iye kan náà, ṣùgbọ́n okùn ìbátan, ti àna, ti ọ̀rẹ́ tàbí ti àdúgbò, ni ó fà wọ́n wá.

Ní ti èésú tàbí èsúsú, owó ni wọ́n ń dá. Iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá ní ọjọ́ tí wọ́n yàn, ẹnì kan ni yóò sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni ó fi yàtọ̀ sí àjọ, níbi tí alájọ ti ń gba owó lọ́wọ́ olúkúlùkù, tí yóò sì dá a padà fún onítọ̀hún ní ìparí oṣù lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. William Bascom kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsú Yorùbá ní 1952, ó sì pè é ní ètò àwìn àti owó yíyá láàárín àwọn Yorùbá.

Bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wo ọ̀nà mẹ́ta yìí, a ó rí i pé ohun kan pa wọ́n pọ̀. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ wà nínú agbo. Ó ti ṣe tirẹ̀ tàbí ó ń bọ̀ wá ṣe tirẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ẹbí àti ojúlùmọ̀. Ta ni yóò wá ṣe àáró fún ẹni tí kò ní agbára láti san án? Ta ni yóò dá èésú fún aláìsàn tí kò rí owó dá? Àṣà wa kò fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, nítorí ẹbí, ọba àti àwọn ẹlẹ́yinjú àánú wà. Ṣùgbọ́n ètò tí a fi ìpàdé gbé ró, àwọn tí ó lè san án padà ni ó ń kó mọ́ra.

3. Bí Ẹgbẹ́ Rotary Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ohun tí ó lè ya ọ̀pọ̀ òǹkàwé lẹ́nu ni pé ohun tí ó jọ àáró ni Rotary fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Èrèlé, 1905, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Paul Harris pàdé àwọn ọkùnrin mẹ́ta mìíràn ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ń ta èédú, ọ̀kan jẹ́ onímọ̀ nípa ìwakùsà, ẹ̀kẹta sì jẹ́ aránṣọ. Ìlú kékeré ni Harris ti dàgbà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Nígbà tí ó dé ìlú ńlá, ó rí èrò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò rí ará. Ìdí nìyí tí ó fi wá ẹgbẹ́ kún ara.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń pàdé ní ibi iṣẹ́ ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ mìíràn. Láti inú yíyípo yìí ni orúkọ Rotary ti jáde, nítorí ohun tí ń yí po ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá mọ bí àáró ṣe ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn kò ní wá ìtumọ̀ orúkọ yìí jìnnà. Ìlànà wọn nígbà náà ni pé ẹnì kan péré ni wọn yóò gbà láti inú irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn láìsí ìjà oníṣòwò. Nínú òfin ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní 1906, ohun méjì ni wọ́n ní àwọn ń lépa: ìtẹ̀síwájú òwò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìbárẹ́ láàárín ara wọn.

Ní ọdún náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n pe agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Donald Carter pé kí ó wá darapọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí ó gbọ́ òfin náà, ó ní ẹgbẹ́ tí kò ní ohun kan tí ó ń ṣe fún ẹni tí ó wà lóde ẹgbẹ́ kò lè pẹ́ láyé. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ìlépa kẹta kún òfin, èyí tí ó jẹ́ ire ìlú Chicago. Ní 1907, iṣẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé ni bí wọn yóò ṣe rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún gbogboògbò wà ní àárín ìlú náà. Iṣẹ́ yìí kò ní ògo kankan nínú lójú ẹni tí ń wá òkìkí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá ọjà tí kò rí ibi yà sí ni yóò mọ ìwúlò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní 1961. Ní 2003, Jonathan Májìyàgbé, agbẹjọ́rò tí ó fi Kánò ṣe ibùjókòó, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ ààrẹ Rotary ní gbogbo àgbáyé, ó sì lo sáà rẹ̀ dé 2004. Ọkùnrin nìkan ni ẹgbẹ́ náà ń gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1987, wọ́n yí òfin ẹgbẹ́ padà ní 1989 kí obìnrin lè wọlé ní ibi gbogbo. Ní 2022 ni obìnrin kọ́kọ́ jẹ ààrẹ àgbáyé ẹgbẹ́ náà, ìyẹn Jennifer Jones, ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà.

4. Ohun tí ó Máa Ń Ṣẹlẹ̀ nínú Ìpàdé

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọ ìpàdé ẹgbẹ́ Rotary lè rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ààrẹ yóò lu agogo, gbogbo ènìyàn yóò dìde, wọn yóò kọ orin orílẹ̀-èdè, wọn yóò sì gbàdúrà. Wọn yóò fi àwọn àlejò han ìpàdé. Wọn yóò kí ẹni tí ó ṣe ọjọ́ ìbí tàbí tí ó ṣe ìrántí ìgbéyàwó láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bójú tó ètò inú ìpàdé. Òun ni yóò máa bu owó ìtanràn fún ẹni tí ó pẹ́ dé, ẹni tí kò fi àmì ẹgbẹ́ sí àyà, àti ẹni tí fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀rín ni wọ́n fi máa ń san án, ṣùgbọ́n owó náà ń wọ àpò. Lẹ́yìn èyí ni akọ̀wé yóò ka ìwé tí ó wọlé, akápò yóò jábọ̀, àwọn ìgbìmọ̀ yóò sọ ibi tí iṣẹ́ dé, olùbánisọ̀rọ̀ yóò sì sọ̀rọ̀ lórí kókó tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún.

Wọ́n tún máa ń ka ìbéèrè mẹ́rin tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ àti ìṣe rẹ̀ wò. Herbert Taylor, tí ń darí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti fẹ́ wó, ni ó ṣe ìbéèrè wọ̀nyí ní 1932. Ní kúkúrú, wọ́n dá lé òtítọ́, àìṣègbè, ìrẹ́pọ̀ àti àǹfààní gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí kò ní rí ohun àjèjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun mẹ́ta nínú ètò yìí ni a rí pé ó gbé iṣẹ́ náà ró. Àkọ́kọ́ ni wíwá sí ìpàdé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pàdé dandan. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá rin ìrìn àjò lè lọ jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ Rotary ìlú tí ó wà, kí wọ́n sì kà á sí i lọ́rùn bí ẹni pé ó wà nílé. Ní 2016, àpérò òfin ẹgbẹ́ náà dín in kù, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa pàdé ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Òfin wíwá yìí bá òfin àáró mu: ẹni tí a kò rí, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

Èkejì ni pé oyè kì í pẹ́ lọ́rùn ẹnì kan. Ọjọ́ kìíní, oṣù Agẹmọ ni ọdún ẹgbẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, ààrẹ sì ń lo ọdún kan péré. Wọ́n ti máa ń yan ẹni tí yóò gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí àsìkò tó tó. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlú wa, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni ó ń jẹ́ alága títí ayé rẹ̀. Bí ó bá re ibi àgbà ń rè, ẹgbẹ́ a bá a lọ. Èyí kò sábà ṣẹlẹ̀ níbi tí oyè bá ti ń yí po.

Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀. Ohun tí a bá sọ ní ìpàdé yìí, a ó béèrè rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí pé òun yóò lọ rí ọ̀gá ilé ìwé nípa òrùlé tí afẹ́fẹ́ ṣí, orúkọ rẹ̀ ti wọ inú ìwé. Ojú a máa ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jáde ní ìpàdé mẹ́ta láìṣe ohun tí ó sọ. Inú rere nìkan kò ní irú agbára yìí. Àánú a máa ṣe gbogbo wa bí a bá rí ọmọdé tí ń fi ẹsẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n àánú náà a máa rọlẹ̀ bí a bá ti dé ilé. Ìpàdé ni kì í jẹ́ kí ó rọlẹ̀.

5. Láti inú Ìpàdé dé Ojú Iṣẹ́

Àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn jù lọ ni ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní 1979, Rotary bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fún nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ọmọdé ní oògùn àjẹsára ní orílẹ̀-èdè Philippines. Ní 1985, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo àgbáyé. Ní 1988, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF, àjọ tí ń kápá àrùn ní Amẹ́ríkà àti Rotary pawọ́ pọ̀. Nígbà náà, àrùn yìí wà ní orílẹ̀-èdè 125, ó sì ń sọ àwọn ọmọdé tí iye wọn tó 350,000 di arọ lọ́dọọdún.

Ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìlú kan kò lè ṣe oògùn àjẹsára, kò sì lè gba iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ṣe. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó dá owó, kí ó wá ọkọ̀ tí yóò gbé oògùn, kí ó lọ bá baálẹ̀, ìyálọ́jà, lèmọ́mù àti àlùfáà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ìǹkì sàmì sí ìka ọmọ tí wọ́n ti kán oògùn sí lẹ́nu, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a gbàgbé. Ọmọ tuntun ń bí lójoojúmọ́, ọmọ kan sì gbọ́dọ̀ gba oògùn náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìpàdé tí kì í yẹ̀ yóò ṣe é ní ọdún kìíní, yóò ya fọ́tò, yóò sì lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2003 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún tí ọmọ Nàìjíríà di ààrẹ Rotary àgbáyé gan-an ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya, tí Kánò wà lára wọn, dá oògùn náà dúró. Ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé ó ní ohun tí ó lè sọ ọmọ obìnrin di àgàn nínú. Àrùn náà gbèrú, ó sì ti ibẹ̀ ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó kọ́ ni wọn kò ní, oògùn kò sì wọ́n. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò sí. Nígbà tí àwọn ọba alayé àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn dá sí i, tí wọ́n bá àwọn ènìyàn wọn sọ ọ́ ní èdè wọn, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní 2004.

Ní 2016 ni wọ́n rí irú kòkòrò àrùn náà tí ó jẹ́ ti ìṣẹ̀dá gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ní ọjọ́ 25, oṣù Ògún, 2020, wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìjà kò tíì tán. Irú èyí tí ó máa ń ti ara kòkòrò inú oògùn tí ó ti yí padà jáde ṣì ń yọjú lẹ́yìn ìkéde náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọdé kò bá ti gba àjẹsára.

6. Ipò Èdè

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ó mú wa dé orí èdè. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ àrùn náà. Àwọn Yorùbá ti ní ‘rọpárọsẹ̀’ fún àìsàn tí ń sọ apá àti ẹsẹ̀ àgbàlagbà di aláìlágbára. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ti ọmọdé, wọ́n fi ‘ọmọ’ sí àárín, ó di ‘rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀’: ohun tí ń rọ ọmọ lápá, tí ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Odidi gbólóhùn ni orúkọ náà. Ìyá tí kò wọ ilé ìwé rí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘àjẹsára’. Kí oògùn òyìnbó tó dé ni àwọn oníṣègùn wa ti ń lò ó fún oògùn tí a jẹ, tí ó wọ ara, tí ó sì ń ṣọ́ ẹni láti inú. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ìpolongo kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.

Bí èdè bá lágbára tó báyìí lójú iṣẹ́, kí ló dé tí a fi ń tì í sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìpàdé? Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń ṣe ìpàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kódà níbi tí gbogbo ẹni tí ó jókòó ti jẹ́ ọmọ Yorùbá. Bí wọ́n bá pe baálẹ̀ tàbí ìyálọ́jà wá, onítọ̀hún a jókòó, a ń wo ẹnu wọn, a sì dúpẹ́ nígbà tí wọ́n bá ní kí ó dúpẹ́.

Àwíjàre tí a sábà ń gbọ́ ni pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ètò ìpàdé. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ti ń fi Yorùbá ṣe ìpàdé tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ yọ láti inú rẹ̀, ìjábọ̀ akápò, owó ìtanràn, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta àti ìdìbò. Ẹni tí ó bá ní àbá yóò ní, “Mo dá àbá pé…”, ẹlòmíràn yóò dáhùn pé, “Mo kín in lẹ́yìn.” Àṣà wa tilẹ̀ ní kíkí fún àwọn tí ó wà ní ìpàdé. Ẹni tí ó bá wọlé bá wọn kò gbọ́dọ̀ ṣàìsọ pé, “Ẹ kú ìjókòó o.” Èdè tí ó ní kíkí fún ìjókòó kò ṣe àjèjì sí ìpàdé.

7. Ibi tí ó Kù Díẹ̀ Káà Tó sí

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ni ó ń yọrí sí rere. Àpẹẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ ni ti kànga ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ á gbẹ́ ẹ, wọ́n á kọ orúkọ ààrẹ sí i lára, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, àwọn tí ń pọn omi níbẹ̀ a máa wí pé, “Àwọn tí ó gbẹ́ ẹ kò tíì wá tún un ṣe.” Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n wá. Wọn kò sí ní ìpàdé tí wọ́n ti pinnu ibi tí kànga yóò wà, ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá omi ni ó jẹ wọ́n lógún jù, wọn kò sì yan ẹni tí yóò máa gba owó àtúnṣe. Ìlú gba ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ìlú kò ní kànga.

Níhìn-ín ni ọ̀wẹ̀ ti ní ohun tí yóò kọ́ Rotary. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ kì í ká ọwọ́ gbera. Òun náà wà nínú iṣẹ́, òun ni ó mọ ibi tí ògiri yóò gbà, òun ni yóò sì máa tún ilé náà ṣe lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́wẹ̀ bá ti lọ. Rotary kọ́ wa láti ran ẹni tí kò wà nínú agbo lọ́wọ́. Ọ̀wẹ̀ kọ́ wa pé ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Bí a bá pa ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀, a ó tún padà sí ‘sìn’ tí ó túmọ̀ sí kí a jọ rìn.

Àléébù kejì ni àṣehàn. Ayẹyẹ ìwúyè ààrẹ tuntun máa ń gba owó púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. A kò ní kí inú ẹgbẹ́ má dùn, nítorí ìgbádùn wà lára ohun tí ń mú ènìyàn wá sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ẹgbẹ́ bá ti gba owó ju iṣẹ́ lọ, àwọn ọ̀dọ́ yóò gbà pé iṣẹ́ olówó ni ìrànlọ́wọ́. Ó dára kí a rántí pé dọ́là mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti àbọ̀ péré ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí ó wọ inú àpò ìtọrẹ Rotary, lẹ́yìn tí wọ́n dá àbá rẹ̀ ní 1917.

8. Àbá

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tí ó wà ní ìlú Yorùbá máa fi Yorùbá ṣe ó kéré tán ìpàdé kan nínú oṣù, kí wọ́n sì pe àwọn tí iṣẹ́ kàn wá síbẹ̀ kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀. Kí àkọsílẹ̀ ìpàdé náà wà ní Yorùbá, kí baálẹ̀ lè ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́.

Èkejì, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ àwọn olùgbé àdúgbò tí yóò máa bójú tó o. Kí ìgbìmọ̀ náà ní ọjọ́ ìpàdé tirẹ̀. Níbi tí èésú bá ti wà nílẹ̀, owó àtúnṣe lè gba ọ̀nà èésú wọlé.

Ẹ̀kẹta kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1968 ni Rotary ti dá Rotaract sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, ó sì ti fìdí múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ ní Yorùbá yóò di olùkọ́ ní ìlú àti abúlé. Ó yẹ kí wọ́n lè darí ìpàdé ní Yorùbá, kí wọ́n lè kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì lè túmọ̀ ìpolongo ìlera láìsọ ọ́ di ẹnà. A lè fi èyí kún iṣẹ́ àṣedánwò lábẹ́ ìkọ́ni ní àròkọ àti ìtumọ̀. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ nìkan kò tó mọ́.

9. Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ẹni tí ó ní òkèèrè nìkan ni ìrànlọ́wọ́ ti wá ṣìnà, nítorí àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú ti wà. Ẹni tí ó ní kò sí ohun tuntun nínú ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ náà kò sọ ọ́ tán, nítorí Rotary ti orí ohun tí ó jọ àáró bọ́ sí orí ṣíṣe iṣẹ́ fún ẹni tí kò lè san án padà. Agogo tí ààrẹ ń lù, owó ìtanràn, orúkọ inú ìwé àti oyè tí ń yí po lè dà bí ohun kékeré. Àwọn ni wọ́n ń mú ọwọ́ jọ, àwọn náà ni kì í jẹ́ kí ó tú ká. Ohun tí ó kù fún wa ni kí a fi èdè wa ṣí ilẹ̀kùn ìpàdé náà, kí ẹni tí a ń gbẹ́ kànga fún lè wọlé, kí ó kí wa kú ìjókòó, kí òun náà sì wá ibì kan jókòó sí.